Kílọ́ọ̀ṣì Mọ́tò: Báwo Ló Ṣe Ń Pẹ́ Tó, Ta Ni Yóò Sì Sanwó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà awakọ̀ ẹ̀ka wa, tó ti di mẹkáníìkì nísinsìnyí, bá ìpàdé wa sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.)

  

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tó ti di àríyànjiyàn ní gáréèjì: kílọ́ọ̀ṣì tí mọ́tò bá gbé wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó kó tó jẹ tán? Ìbéèrè kékeré ló jọ létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ti yọ owó yín rí nítorí kílọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn síwájú kí n tó ṣàlàyé. Kílọ́ọ̀ṣì kò ní ọjọ́ orí. Kò sí ẹni tó lè wo kàlẹ́ńdà kó ní ó ku oṣù mélòó. Ohun mẹ́rin ló ń pinnu rẹ̀: ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹrù tó wà lẹ́yìn, ọ̀nà tí mọ́tò ń tọ̀, àti ìtọ́jú tí ẹni tó ni mọ́tò ń fún un. Awakọ̀ ló ni ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta yòókù, ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní fáktọ́rì, tí ẹ kì í wa mọ́tò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, yíyí ló ń yí. Ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni onílàjà láàárín wọn. Irin róbótó ńlá kan wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní flywheel. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì dojú kọ ọ́, wọ́n sì lẹ nǹkan bíi ti bíréèkì mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Irin mìíràn tó ní sípíríìngì wà lẹ́yìn pléètì yìí, òun ló ń tì í mọ́ flywheel. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, irin ẹ̀yìn yẹn á yẹ̀, pléètì á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, á tún gbá a mú.

Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì pọ̀ báyìí. Ẹ fún wọn mọ́ra ṣinṣin. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀kan kò ha èkejì? Ó dáa, ẹ wá fi wọ́n ra ara wọn kíákíá. Ooru ti dé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìgbà tí pléètì bá ń yọ̀ nìkan ló ń jẹ. Mọ́tò tó ń sáré geerege lórí ọ̀nà tó já, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ ẹ́ rárá. Ìgbà tí a bá ń gbéra, ìgbà tí a bá ń pààrọ̀ jíà, àti ìgbà tí a bá ń fẹsẹ̀ ṣeré lórí rẹ̀, ìgbà náà ló ń jẹ.

Ìdí nìyí tí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pè kò fi bára mu. Mọ́tò ilé tí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà ń wà, tí kì í ru àpọ̀jù ẹrù, kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń rin 100,000 sí 160,000 kìlómítà. Àwọn kan wà tí wọ́n kọjá 200,000 tí a kò tíì sọ jíà wọn kalẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n takisí tàbí bọ́ọ̀sì tó ń ná ìgboro láti òwúrọ̀ dalẹ́ lè má dé 50,000. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ sì lè sun pléètì tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irú kílọ́ọ̀ṣì kan náà ni o. Ìlò ló yàtọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Láti Èkó dé Ìlọrin tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Láti Òṣòdì dé Ọbáléndé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú, awakọ̀ Ọbáléndé lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì ju awakọ̀ Ìlọrin lọ. Ẹ tún wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó n'Ìbàdàn, tàbí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, kí bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ dúró níbẹ̀ kó tún gbéra. Ọ̀gá tó bá ń fi nọ́ńbà kìlómítà nìkan dá wa lẹ́jọ́ kò mọ ohun tó ń kà. Bí mọ́tò bá tún wá jẹ́ tòkunbọ̀, ta ló mọ iye tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti rìn lókè òkun kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa? Nọ́ńbà iwájú dẹ́rẹ́bà yẹn, wọ́n lè dá a padà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi tán o. Ọ̀rọ̀ kan àwa náà. Àwọn kan wà nínú wa tí ẹsẹ̀ òsì wọn kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì láti Ìyànà-Ìpájà dé òpin ìrìn-àjò. Wọ́n ní àwọn kò tẹ̀ ẹ́, àwọn kàn gbé ẹsẹ̀ lé e ni. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé lé e yẹn ti ń yẹ irin ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, pléètì sì ti ń yọ̀. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá dúró lórí òkè, wọn kò ní fa bíréèkì ọwọ́. Kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ àti tọ́tù ni wọ́n fi ń gbé mọ́tò dúró. Òórùn tí èrò ń gbọ́ tí wọ́n ń di imú, pléètì ló ń jóná. Àwọn mìíràn ń fi jíà kejì gbéra nítorí ìkánjú. Bí ẹ bá dúró pẹ́ nínú gósìlóò, ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣí díẹ̀ níwájú kí ẹ tó sún, dípò kí ẹ máa sún ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ jù, ó ti ṣe ìdá tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé-iṣẹ́ kan nígbà náà; n kò ní dárúkọ wọn. Èmi ni awakọ̀ kẹta tó gba bọ́ọ̀sì náà. Oṣù kejì tí mo gbà á, mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá lọ n'Ìbàdàn pẹ̀lú èrò, mo tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò kò lọ. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ìtìjú tó wà nínú kí èrò máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bínú béèrè owó wọn. Nígbà tí a wọ́ bọ́ọ̀sì dé ilé, ọ̀gá ọkọ̀ kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Ìwọ lo sun ún, ìwọ lo máa san án." Wọ́n gbé ìwé síwájú mi, mo fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà mí. Wọ́n pín owó náà sí oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì ni mẹkáníìkì tú u. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi pléètì hàn mí. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì nípọn dáadáa. Epo ẹ́ńjìnnì ló rin ín gbingbin! Rọ́bà tó ń dá epo dúró ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ti ja, epo sì ti ń kán sára pléètì, bóyá kí n tó gba bọ́ọ̀sì náà pàápàá. Pléètì tó mu epo kò lè di nǹkan kan mú, ẹsẹ̀ yòówù tí ìbáà wà lórí rẹ̀. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ìwé ti jáde, mo sì ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo padà wá mú pléètì náà láti fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n ti kó o dànù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé gáréèjì, kí owó ọkọ̀ lè di owó iléèwé àwọn ọmọ. N kò gba kọ́bọ̀ padà.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ tèmi. Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, tó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, sọ ọ́ ní abala karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn lára owó iṣẹ́ wa. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló bà á jẹ́, ọ̀gá lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àpapọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Kí nǹkan jẹ tán nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ dójú àmì, àìbìkítà kọ́ nìyẹn. Bí táyà ṣe ń jẹ náà ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá gba mọ́tò, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ju bí mọ́tò ṣe ń sáré lọ, bí òórùn jíjóná bá ń jáde, bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá gbá mọ́tò mú àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún ọ̀gá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bó bá wá kọṣẹ́, ẹ dúró níbi tí wọ́n bá ti ń tú u, ẹ pe aṣojú ẹgbẹ́, kí ẹ sì mú pléètì àtijọ́ lọ́wọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí wọ́n tó tú u. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mọ́tò olówó ṣiṣẹ́, tí ẹ ń jíṣẹ́ owó lọ́sẹ̀, ẹ bá a ṣe àdéhùn kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti àwa tí à ń tú u. Ẹ̀gbin dúdú tó wà nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì lè ní asbestos nínú, pàápàá lára mọ́tò àtijọ́ àti ojúlówó-ẹ̀tàn páàtì tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún tàbí ogójì ọdún kó tó fara hàn. Àjọ ILO ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní 1986, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè é pátápátá ní 1999. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Ẹ fi omi rẹ àkísà, kí ẹ fi nù ún. Ẹ má sì wọ aṣọ náà délé lọ bá àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa mọ́ lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹnu wa lè gbà á ní ọ́fíìsì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí wọ́n bá tún gbé irú ìwé tí wọ́n gbé fún mi síwájú ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má dá nìkan wọlé. Ẹ pe ẹgbẹ́.

 Ẹgbẹ́ wa yóò máa lékè.