Ẹgbẹ́ Òkùnkùn àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn yunifásítì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo ní Nàìjíríà bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ayọ̀ a máa kún inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bàbá ti ta nínú ohun ìní rẹ̀, ìyá ti kó èsúsú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kí ọmọ kan ṣoṣo lè di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọmọ náà á gbé àpótí rẹ̀, ó di Ìbàdàn, ó di Nsukka, ó di Zaria, ó di Port Harcourt. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olùkọ́ nìkan ni ó ń dúró de ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí ń bọ̀, tí wọ́n sì ti ń wò ó, ta ni àwọn lè fà mọ́ra nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ tuntun wọ ẹgbẹ́ wọn, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i, ni kókó ọ̀rọ̀ òní.

Ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyrates Confraternity. Ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ń bá jà ni ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti ìgbéraga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń ṣe bí òyìnbó nítorí pé wọ́n wá láti ilé ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1972, ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Buccaneers ya kúrò lára ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1977, òmíràn tún yọjú ní Yunifásítì ìlú Bìní. Bí ẹgbẹ́ ti ń bí ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ń di ìjà, tí ìjà àfẹnujà sì ń di ìjà àáké àti ìbọn. Ní ọdún 1984, àwọn Pyrates kéde pé àwọn ti kó ẹgbẹ́ àwọn kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Ó ṣòro kí ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, tó lè gbàgbé rẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, tí í ṣe akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà, wà nínú àwọn tí wọ́n pa. Gbogbo orílẹ̀-èdè kẹ́dùn, ìjọba sì pàṣẹ pé kí àwọn gíwá yunifásítì fọ ọgbà wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹkún kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò. Ẹni tí ó gbé ìbọn nítorí ẹgbẹ́ òkùnkùn, a kò bí i mọ́ ìbọn. Ọjọ́ kan wà tí òun náà jẹ́ àjèjì, tí ẹnìkan pàdé rẹ̀, tí ó sì bá a sọ ọ̀rọ̀ dídùn.

Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tọ ọmọ tuntun lọ tí yóò wí fún un pé kí ó wá darapọ̀ mọ́ àwọn apànìyàn. Ẹni tí wọ́n rán sí i lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ó mọ ọgbà náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Yóò bá ọmọ náà gbé àpótí. Yóò fi ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ hàn án, yóò sì fún un ní ibi tí yóò sùn títí yóò fi rí yàrá tirẹ̀. Yóò ra oúnjẹ fún un lónìí, ó di ọ̀la, ó ra ọtí. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ tálákà, owó ni wọn yóò fi tàn án. Bí ó bá jẹ́ ọmọ olówó, òkìkí ni wọn yóò ṣèlérí fún un. Bí àwọn kan bá ń fi ìyà jẹ ẹ́, wọn yóò ní ẹnikẹ́ni kò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ó bá ń bẹ̀rù àìríṣẹ́, wọn yóò ní àwọn adájọ́ àti àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn. Àwọn ọmọbìnrin pàápàá kò yọ sílẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ ti obìnrin náà wà.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pè é sí òde àríyá kan. Àríyá náà kò ní í sí, igbó ni wọn yóò mú un lọ ní òru. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti lù ú lálùbolẹ̀, tí wọn yóò fún un ní ohun tí kò mọ̀ mu, tí wọn yóò sì mú un búra pé òun kò ní í tú àṣírí. Àwọn kan wà tí kò tilẹ̀ gbà láti wọ ẹgbẹ́, ipá ni wọ́n fi mú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ náà yóò rí i pé ọ̀nà tí òun gbà wọlé ti dí. Owó ẹgbẹ́ ń bẹ láti san, ọ̀tá ẹgbẹ́ sì ti di ọ̀tá tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí wọn rí. Bí ó bá fẹ́ kúrò, ẹ̀mí rẹ̀ kò dè. Bí ó bá sì dúró, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ibojì lè gbà á kí ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kí ni ó la ògiri wọ̀nyí lẹ́nu? Èkíní ni àìtó ibùgbé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kò ní yàrá tí ó tó ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, nítorí náà ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún lè máa wá ibi tí yóò sùn kiri nínú ìlú tí kò mọ ẹnìkankan. Èkejì ni ìwà àwọn olóṣèlú kan, tí wọ́n ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní owó àti ohun ìjà nígbà ìdìbò, tí wọ́n sì ń kọ̀ wọ́n sílẹ̀ nígbà tí ìdìbò bá parí. Ẹ̀kẹta ni àwọn òbí tí ó rò pé iṣẹ́ àwọn ti tán nígbà tí àwọn bá ti san owó ilé-ẹ̀kọ́.

A kò lè sọ pé òfin kò sí. Abala 38 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé òmìnira ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti dá ẹgbẹ́ awo sílẹ̀ tàbí láti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ọdún 15 fún ẹni tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin wọ̀nyí dára, ó sì yẹ kí a mú wọn ṣẹ láìwo ojú ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀ ni ọwọ́ òfin sábà máa ń dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ọmọ tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ wọn, ìbúra méjì ni yóò bú ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Èkíní, ní ọ̀sán gangan ni, nígbà tí ó wọ aṣọ ìgúnwà ti yunifásítì, tí ó ṣèlérí pé òun yóò pa òfin ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Èkejì, ní òru ni, nínú igbó. Ti ọ̀sán, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè nípa rẹ̀. Ti òru, ojoojúmọ́ ni àwọn kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn kí ó má ba à yẹ̀ ẹ́. Ta ni kò mọ èyí tí yóò borí nínú méjèèjì?

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ yunifásítì rí i pé àwọn ni ó kọ́kọ́ gba ọmọ tuntun lálejò. Kí a yan akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ìwà rẹ̀ dára fún ìwọ̀nba ọmọ tuntun mélòó kan, kí ó máa tọ́ wọn sọ́nà fún ọdún kan gbáko. Kí a kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yàrá nínú ọgbà kí a tó fún ẹlòmíràn. Kí olùdámọ̀ràn kan wà tí ọmọ tí wọ́n ń yọ lẹ́nu lè tọ̀ lọ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ tú síta. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a dáàbò bò ó, nítorí pé ẹni tí kò rí ọ̀nà àbájáde yóò padà sínú igbó.

Kí ẹ̀yin òbí náà bẹ àwọn ọmọ yín wò láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń bá gbé àti ẹni tí ń fún wọn lówó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ìbínú yín dí ọmọ lọ́wọ́ láti sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni ó burú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bẹ, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ń bẹ, ẹgbẹ́ aṣeré ìdárayá àti ti alárìíyànjiyàn náà ń bẹ. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìpàdé ní ọ̀sán, tí orúkọ olórí rẹ̀ kò pamọ́, tí ènìyàn sì lè fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú, ẹ lè wọ̀ ọ́. Èyí tí kò bá lè jẹ́ kí bàbá àti ìyá yín mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ sá fún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Yunifásítì ni ọjà náà, ọmọ tuntun sì ti dé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i ni yóò tẹ̀ lé.