Máàpù Àjọni: Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ oníròyìn, bá àpéjọ ẹgbẹ́ wa sọ)

  Alága ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí, kí n má sì mú òṣèlú wọ̀ ọ́. Mo ní kò burú, n ó sọ̀rọ̀ nípa máàpù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Máàpù tí wọ́n máa ń fi kọ́ sára ògiri kíláàsì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá la títì tuntun lọ́la, kò ní mọ̀. Èyí tó wà nínú fóònù yín kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni, orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní server ló sì ń gbé. Ẹ jẹ́ ká fi OpenStreetMap ṣe àpẹẹrẹ. Steve Coast ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, nígbà tí máàpù ìjọba ibẹ̀ wọ́n, tí wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn lò ó bó ṣe wù ú. Ó ní kí olúkúlùkù ya àdúgbò tirẹ̀, kí gbogbo ayé jọ máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: bí ọwọ́ bá pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo, ṣé kò ní dàrú? Ká ní akọ̀wé wa àti igbákejì rẹ̀ mú ẹ̀dà ìwé àdírẹ́sì ẹgbẹ́ lọ sílé, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀kan tún nọ́ńbà fóònù mi ṣe, èkejì tún àdírẹ́sì mi ṣe. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ padà kẹ́yìn ti pa iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ́ nìyẹn, kò sì ní mọ̀.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni OpenStreetMap ti ní oògùn èyí. Gbogbo ohun tó wà nínú máàpù náà, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe títì, ló ní nọ́ńbà tó ń fi ọ̀kan lé sí i nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà kẹta lọ tún ṣe, tí ẹlòmíràn ti sọ ọ́ di ẹ̀kẹrin kí ẹ tó dé, server kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Yóò ní kí ẹ lọ wo ohun tí ẹnì kejì ṣe ná. Kì í dá ẹjọ́ ẹni tó jàre o. Ẹ̀yin lẹ máa fi làákàyè yín yanjú ẹ̀.

Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ní kí àtúnṣe máa wọlé ní ìdìpọ̀, kí orúkọ ẹni tó ṣe é, àkókò tó ṣe é, àti àlàyé ohun tó ṣe máa tẹ̀ lé e. Àwa oníròyìn mọ èyí dáadáa: ẹni tó bá fi kálámù kan ìròyìn gbọ́dọ̀ lè jẹ́jọ́ rẹ̀. Àtijọ́ kì í sì í parẹ́. Bí ẹnì kan bá ba nǹkan jẹ́, ẹlòmíràn lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á kọ orúkọ títì wọlé tán, wọ́n á wo máàpù, wọn ò ní rí i. Ni wọ́n bá tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń yà á ní àwòrán. Àwòrán àná lè ṣì wà níwájú yín nígbà tí àkọsílẹ̀ ti yí padà.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ má ṣe da máàpù ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ síbẹ̀. Olè ni. Nígbà tí wọ́n yí àdéhùn ìlò rẹ̀ padà lọ́dún 2012, ńṣe ni wọ́n yọ iṣẹ́ àwọn tí kò fara mọ́ àdéhùn tuntun náà kúrò. Ohun àjọni kì í ṣe ohun àìlófin.

Kí ló wá kàn wá? Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti. Ọ̀pọ̀ títì Port-au-Prince ni kò sí nínú máàpù yìí. Àwọn èèyàn tó jókòó sílé wọn káàkiri ayé wo àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n ya títì àti ilé, àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí sì ń lò ó. Lọ́dún 2014, nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ya Guéckédou.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sátẹ́láìtì lè rí òrùlé, kò lè mọ orúkọ. Kò mọ̀ pé ọsibítù yẹn ti kógbá sílé. Ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì ní í tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Bí ẹnì kan bá gbé aboyún tó ń rọbí lóru, tí máàpù júwe ọsibítù tó ti di gáréèjì fún un, ta la fẹ́ bá wí? Máàpù tí kò sí níbẹ̀ rárá sàn ju èyí tó ń purọ́ lọ, nítorí ẹni tí kò ní máàpù á béèrè ọ̀nà.

Ti èdè wa náà ńkọ́? Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ ní Yorùbá, name:yo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ láìfàmì sí, àlejò lè pè é ní owó!

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa mú ibi márùn-ún tó mọ̀ dunjú: ilé ìwé, ọsibítù, ọjà, afárá, kànga. Ẹ wò ó bóyá òótọ́ ni máàpù ń sọ nípa wọn, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ kọ àlàyé sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ tún padà lọ wò ó. Yíyà á kò le tó títọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ ibi tí àwa ò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wa kó tó sọnù, àwa tí a mọ fóònù tẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.