Ti Inú Yín Ni Kẹ́ Ẹ Kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà Mile 2, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yéé fọn fèrè mọ́ ẹni tó wà níwájú yín; òun náà ò níyẹ̀ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí oníkálukú ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó sùn, kí àníyàn lè fúyẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n àròyé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pọ̀ ju ọpẹ́ lọ.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Boundary l'Ájégúnlẹ̀ ní, "Ọmọ mi, mo kọ ọ́ títí, orí mi túbọ̀ ń gbóná ni." Mo ní kí wọ́n ka ojú ewé kan fún mi. Háà! Orúkọ àwọn méje tó jẹ wọ́n lówó, èpè mẹ́ta, àti ohun tí ìyàwó àbúrò ọkọ wọn sọ níbi ìkómọ lọ́dún tó kọjá. Ìyá mi, ìwé ẹ̀sùn nìyẹn! Ẹni tó ń fi ẹjọ́ aráyé ṣe oúnjẹ alẹ́, ṣé á rí oorun sùn? Ti inú yín ni kẹ́ ẹ kọ. Nígbà tí lágbájá ṣe é, kí ló ṣe ẹ̀yin? Ṣé inú ló bí yín, àbí ojú ló tì yín? Ṣé ẹ̀rù ló bà yín? Ẹ sọ ọ́ lórúkọ.

Nínú ìwádìí kan tí James Pennebaker àti Sandra Beall gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé nípa ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ 4. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ò jèrè. Àwọn tó kọ ọ́ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ wá ìtọ́jú mọ́ láwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ gan-an, inú wọn bàjẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kíyẹn lé yín sá.

Ẹ má sì pè é ní àṣà òyìnbó. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n'Íbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé ojoojúmọ́. Gbèsè tó ń dà á láàmú wà níbẹ̀, àìbalẹ̀ ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti inú rẹ̀ ló kọ.

Awakọ̀ tírélà kan ní èbúté Tin Can ní òun kọ "Wàhálà" lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, "Wàhálà." Lọ́jọ́ kẹta, "Wàhálà púpọ̀." Ẹ̀gbọ́n, bí ọkọ̀ yín bá kú, ṣé "wàhálà" lẹ máa sọ fún mẹkáníìkì? Ẹ rántí bí tírélà ṣe ń sùn sórí afárá kó tó di oṣù kejì ọdún 2021, tí wọ́n gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Ètò dé láti máa pe ọkọ̀ wọ èbúté. Nínú ìwé yín náà, ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé: ẹ̀rù, kó wọlé, ìtìjú, kó wọlé. Bí gbogbo wọn bá jọ rọ́ wọlé, afárá á dí.

Arábìnrin kan ní Tolú ní ọkọ òun ka ìwé òun, ilé sì dàrú. Ẹ̀yin ọkọ, ìwé èèyàn, ikùn rẹ̀ ni. Ẹ má tú u wò. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó sọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Yorùbá, Ìgbò, Ùròbò, pijin, gbogbo rẹ̀ ló dáa.

Àkókò wa ti ń tán lọ. Kí n tètè sọ èyí: bí oorun bá dá lójú yín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín, ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Yábàá ti wà láti 1907. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja tún pè lánàá. Wọ́n ní ìlà kan làwọn kọ: "Ẹ̀rù owó ilé ló ń bà mí." Wọn ò tíì rí owó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ti jáwọ́ lára ìyàwó àbúrò ọkọ àwọn.