Oorun Ẹni Méjì Nínú Yàrá Kan

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìjókòó lórí ìlera tó ṣáájú ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a tú ká.

Ẹ mọ iṣẹ́ alukoro. Bí a bá ti dìde báyìí, ohun tí ẹ máa ń retí ni iye tí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé, àti ibi tí a ó ti pàdé lọ́jọ́ Òjúde Ọba. Lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ la bá wá, ọ̀rọ̀ yàrá ni. Kí ẹnikẹ́ni tó máa yíjú wo bàbá àwọn ọmọ wa níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ jẹ́ ká tètè sọ pé àwọn fúnra wọn ló ní ká sọ ọ́. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà bá máa gba ẹnì kan là, ká má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ilé tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá òwe. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa ni bàbá àwọn ọmọ wa ti ń hanrun. A kò kà á sí. Ìyá ọkọ wa máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bàbá tó bí wọn náà máa ń hanrun débi pé olè kì í yà sílé àwọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ohùn náà yí padà. Yóò lọ sókè, yóò tún lọ sókè, yóò sì dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń já wa láyà. Èémí kò wọlé, èémí kò jáde. A ó dìde jókòó lórí ibùsùn, a ó máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà mìíràn a ó ka ogún kí wọ́n tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ omi. Àwa tí a ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ sí bánkì, iṣẹ́ tí a ń ṣe lóru nìyẹn: à ń ka èémí.

Nígbà tó yá, a kó ìrọ̀rí wa lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Àbúrò ọkọ wa kan wá kí wa lọ́sẹ̀ náà, ó rí ibi tí aṣọ tí a fi ń sùn wà. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ilé wa ti dàrú. Èyí tó burú jù ni pé a kò rí oorun sùn níbẹ̀ náà. Nígbà tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ariwo ni kò jẹ́ ká sùn. Nígbà tí a kúrò, a kò gbọ́ ohunkóhun mọ́, ìyẹn náà kò sì jẹ́ ká sùn.

Lójú ọ̀sán ńkọ́? Wọ́n á sun wákàtí mẹ́jọ, wọ́n á jí bí ẹni tó ti oko ríro dé. Orí á máa fọ́ wọn láàárọ̀. Wọ́n á dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Wọ́n á tòògbé ní ìpàdé, wọ́n á tòògbé nídìí tẹlifíṣọ̀n, inú á sì máa bí wọn sí ohun tí kò tó nǹkan. Ilé ìwòsàn kan fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí wọ́n máa sinmi dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọ̀tá ló ń fún wọn lọ́rùn lóru, pé ká gbààwẹ̀. A gbààwẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, à ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú àgbà kan ní Abẹ́òkúta. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín. A ti kọjá Ṣágámù, a ti dojú kọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ owó iléèwé ọmọ la ń sọ. A bi wọ́n ní nǹkan kan, wọn kò dáhùn. Ká tó wo ẹ̀gbẹ́, orí wọn ti tẹ̀, ọkọ̀ sì ti ń yà lọ síbi tí tírélà kan dúró sí lẹ́bàá títì. A pariwo, a gbá sítíárì mú. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa nìkan ni tírélà náà gbà lọ́wọ́ wa. A dúró níwájú díẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé mo ti sùn."

Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú imú àti ọ̀fun nìyẹn. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan gbé lọ sílé fún òru kan: bẹ́líìtì ní àyà, rọ́bà tín-ín-rín nímú, àti ohun kan tó di ìka ọwọ́ mú. Nígbà tí èsì jáde, èémí wọn ń dúró ní ìgbà 34 láàárín wákàtí kan. Iṣẹ́ bánkì ti ba wá jẹ́. Bí a bá rí iye, a ó ṣírò rẹ̀. Nínú oorun wákàtí mẹ́fà, ìgbà 204 nìyẹn. Dókítà ní bí ó bá wà láàárín 5 sí 15 ní wákàtí kan, ó ṣì kéré. 15 sí 30 ti tó fún ìtọ́jú. Ohun tó bá ju 30 lọ, ó le.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà ni sleep apnoea. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro yé. Bí ènìyàn bá sùn, ẹran ara ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ó máa ń dẹ̀ débi pé ọ̀nà èémí yóò dí. Èémí yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ yóò ta ara jí díẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé òun jí. Ó ń sùn, ṣùgbọ́n oorun kò dé ara rẹ̀. Ọkàn ló ń jìyà rẹ̀. Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, ó sì lè dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lò ni CPAP. Dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà, ló gbé e jáde fún ayé ní 1981. Kì í ṣe ẹ̀rọ ọ́síjìn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà, tó ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà gígùn dé ìbòmú, kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọ̀nà ọ̀fun dúró, bó ṣe ń gbé táyà dúró kó má baà pẹlẹbẹ.

A rò pé wàhálà ti parí. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ariwo ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan, kò ju ti fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbòmú náà kò bá ojú wọn mu, afẹ́fẹ́ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fíì, ojú wa ló sì ń fẹ́ sí. Bí wọ́n bá yí padà, rọ́bà á gbá wa lójú. Ọmọ wa àbíkẹ́yìn wọlé láàárọ̀, ó ní Dádì ti di awakọ̀ òfurufú, ló bá pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó. Ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún kò fẹ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òru mẹ́rin, wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ìjà tí a jà nígbà náà ju gbogbo èyí tí a ti ń jà láti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè kó padà: a ní a kò fẹ́ di opó nítorí ìtìjú. Wọn kò fèsì. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé e jáde fúnra wọn.

Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé kì í ṣe ẹ̀rọ ọkọ, ẹ̀rọ ilé ni. Ohun tí a ṣe rèé, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn. A padà lọ bá àwọn tó ń tọ́jú wọn, wọ́n pààrọ̀ ìbòmú náà sí èyí tó kéré sí i, afẹ́fẹ́ tó ń yọ sì dópin. Dípò kí wọ́n máa dúró di òru, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí tí wọ́n bá ń wo ìròyìn, títí tó fi mọ́ wọn lára. A gbé ẹ̀rọ sórí àpótí kékeré tó rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ, ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, a sì gba rọ́bà sókè lẹ́yìn orí ibùsùn kó má baà dá wa láàárín. A fi aṣọ kékeré bo iná tó ń tàn lójú rẹ̀, láìdí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń fi ọṣẹ tí kò le fọ ìbòmú. Nígbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ́, nítorí náà a máa ń tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? A kò lè máa tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. A ra inverter kékeré àti bátìrì kan, ẹ̀rọ yìí àti fáànù nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń gbé omi gbóná ló ń jẹ iná jù, nítorí náà a máa ń pa ibẹ̀ bí kò bá sí iná ìjọba. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú lóru, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ sùn títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Fífẹ̀gbẹ́ sùn sàn ju fífẹ̀yìn lélẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó mọ̀ ti bi wá ní ìbéèrè tí ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín lé lórí báyìí. Èsì wa ni pé ẹ̀rọ náà ní ibi tí a ti ń pa á. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya la máa ń kọ́kọ́ sọ, ẹ̀rọ á tẹ̀lé e. Kí a tó ní in, a kì í sọ̀rọ̀ kankan lálẹ́ rárá, nítorí wọ́n á ti sùn kí a tó ṣe oúnjẹ alẹ́ tán.

Lónìí, wọn kì í tòògbé mọ́ nídìí ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń lo oògùn. Àwa náà ti mọ̀ pé orí fífọ́ tí a ń di ẹrù rẹ̀ lé bánkì lórí, àìsùn ló fà á. A kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo òru ló dára. Lóru mìíràn, a ó jí ní aago mẹ́ta, a ó rí i pé wọ́n ti yọ ọ́ láìmọ̀, a ó sì rọra fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀rọ náà kì í wo àìsàn yìí sàn. Òru tí wọ́n bá lò ó ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ fetí sí ilé yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ní àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó ń ta jí bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tó ń tòògbé lójú ọ̀sán, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Sísanra máa ń dá kún un, ṣùgbọ́n ẹni tó tín-ín-rín náà lè ní in. Ẹ má rò pé ti ọkùnrin nìkan ni: àwa obìnrin ń ní in, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Ẹ má fi ọtí tàbí oògùn oorun tì í, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀fun dẹ̀ sí i. Ẹ má sì ra ẹ̀rọ láìṣe àyẹ̀wò, nítorí dókítà ló ń sọ bí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò ṣe tó.

Ó ku ohun kan, kí Akápò wa foríjì wá. Owó àjẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ yìí la yá ra ẹ̀rọ àti inverter náà. Oṣù mẹ́wàá la fi san án tán. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti bi wá pé kí la fẹ́ fi owó ṣe, "ọjà" la kọ síbẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ bánkì, tí a mọ ohun tí irọ́ inú fọ́ọ̀mù jẹ́! Ojú ló tì wá. A lè yá owó aṣọ Òjúde Ọba ní gbangba, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ọ́ pé èémí ọkọ wa la fẹ́ fi owó rà.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ilé pé kí ọdún kẹwàá yìí má kọjá lórí aṣọ àti fọ́tò nìkan. Kí a fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa: "ìlera." Kí ẹni tó bá fàmì sí i má ṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni ju Akápò lọ. Bí a bá sì pàdé ara wa, lẹ́yìn "ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́," ká máa bi ara wa pé, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" kí a sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A kò ní fi oorun ṣe àsùn-ùn-jí. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọdún kẹwàá yìí, yóò tún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún sí i, tọkọtaya, tọmọtọmọ. A kú ọdún, a kú ìyèdún.