Oje Funfun Inú Sìmẹ́ńtì

(Orin wọlé, ó rọlẹ̀.)



Ẹ ti rí bíríkìlà tó ń da nǹkan funfun bíi wàrà látinú kẹ́ẹ̀gì sínú sìmẹ́ńtì tó fẹ́ fi lẹ táìlì bálùwẹ̀. Pọ́límà ni, ọmọ ìyá oje igi rọ́bà. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé sìmẹ́ńtì kì í gbẹ bí aṣọ orí okùn. Òun àti omi ló jọ ń ṣiṣẹ́ tó fi ń le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń dúró di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó wọn agbára kọnkéré. Bí pọ́límà bá wọ̀ ọ́, á lẹ̀ mọ́ ara ẹyọ sìmẹ́ńtì, omi ò ní tètè ráyè débẹ̀, gígan rẹ̀ á sì falẹ̀. Tí omi bá wá ń tán, pọ́límà á so pọ̀ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á dí àwọn ihò tíntìntín. Omi ò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọlé mọ́, táìlì á sì lẹ̀ típẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó funfun kọ́ ni ẹfun. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ pákó lè rọ̀ padà bí omi bá ń bà á. Kò yẹ bálùwẹ̀. Pọ́límà tí wọ́n ń pè ní SBR ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má sì dà á jù: atẹ́gùn á há sínú sìmẹ́ńtì, agbára rẹ̀ á dínkù. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ńtì náà máa tutù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kí ó gbẹ fúnra rẹ̀.



(Orin jáde.)