Ààwẹ̀ Rẹ Dà Nígbà Tí Inú Bí Ọ?

  

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa tí ẹ ń gbọ́ wa ní Kétu, ní Ikosi, àti ẹ̀yin tí ẹ gbé rédíò síwájú ìsọ̀ nínú ọjà Mile 12, ọ̀rọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan wa àti ara rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Nínú dáńfó, ní ọjà, ìjà kékeré bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan á máa pariwo pé, "Ṣé o mọ̀ mí ni?" Ìbéèrè yẹn dára o. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń bi ẹlòmíì, ṣé ìwọ gan-an mọ ara rẹ? A mọ ìwà aládùúgbò wa délẹ̀. A mọ èyí tí kì í san gbèsè, a mọ èyí tó lẹ́nu. Kí wọ́n wá bi wá pé kí ló máa ń mú inú tiwa ru, a ó ní kò sí, àwọn èèyàn ló ń wá wàhálà wa.

Ọ̀sán ààwẹ̀ ni èèyàn máa ń rí ara rẹ̀ kedere. Aago mẹ́ta ti lù, oòrùn mú, sààrì tí o jẹ ti dà pátápátá. Tírélà tó kó tòmátì wá láti Òkè-Ọya ń já ẹrù lọ́wọ́. Oníbàárà kan ti ná ata rodo rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rà. Alábàárù kan wá gbé apẹ̀rẹ̀ gbá ọ léjìká, kò sì dúró kí ó bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ nígbà yẹn, ìyẹn gan-an ni ìwọ. Ebi kọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà sí ọ nínú. Ebi kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Ànábì wa kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Bùkárì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira, pé asà ni ààwẹ̀, àti pé bí ẹnì kan bá bú aláààwẹ̀ tàbí tó fẹ́ bá a jà, kí ó sọ pé òun ń gbààwẹ̀. Àwọn onímímọ̀ kan ní kí ó sọ ọ́ síta kí ẹni tó ń bú u lè gbọ́. Àwọn kan ní inú ara rẹ̀ ni kí ó ti sọ ọ́. Èmi ò tó ẹni tí yóò dá ẹjọ́ láàárín àwọn àgbà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, etí tìrẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí ẹ mọ bí àwa ṣe máa ń sọ ọ́: "Dúpẹ́ pé mo ń gbààwẹ̀ o! Bí kì í bá ṣe ààwẹ̀ ni, ò bá rí mi lónìí!" Asà ti wá di àdá nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ìròyìn tó jáde ni pé ẹrù tòmátì alábàárù kan ló dà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀. Wọ́n ní kó palẹ̀ ẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ di iyàn, ẹlòmíì dá sí i, wọ́n lu ara wọn, ẹnì kan kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì mọ́, ó ti di Yorùbá àti Hausa. Wọ́n jó ilé, wọ́n jó ìsọ̀, ẹ̀mí ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ọjà náà pa, ó sì kéde kónílé-ó-gbélé. Kò tán síbẹ̀. Ní ìparí oṣù yẹn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè-Ọya ní àwọn ò kó nǹkan wá sí ìhà gúúsù mọ́, àfi ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Àlùbọ́sà àti tòmátì wọ́n ní Mile 12 níbí. Ìyá tó wà ní Ikosi, tí kò dé Ṣáṣá rí láyé, òun náà san nínú owó ìbínú ọjọ́ yẹn.

Kí á má sì sọ pé ti Ìbàdàn nìyẹn. Àwa náà rí tiwa ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, nígbà tí àwọn OPC àti àwọn oníṣòwò Hausa kọlu ara wọn ní Mile 12, tí èèyàn púpọ̀ kú. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n ní ọlọ́kadà kan ló kọlu obìnrin kan, ó di ìjà ìgboro, Gómìnà Ambode ti ọjà pa. A ò ní purọ́ nínú oṣù alápọ̀ńlé: ti 1999 yẹn, ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa darí ọjà wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe inú fùfù ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé igi, ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó dun àwa jù ni pé Mùsùlùmí wà lápá méjèèjì, àwọn tó jọ ń kọjú sí gábàsì kan náà.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Ànábì ní kí ẹni tí inú bá bí lórí ìdúró jókòó, bí kò bá lọ, kí ó dùbúlẹ̀. Lóòótọ́, kò sáyè ìdùbúlẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ata. Jókòó lórí àpótí rẹ. Yí ojú sẹ́yìn, kí o máa ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò nínú tòmátì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n á pe òun ní ọ̀lẹ. Ànábì ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà ìbínú lágbára ju ajìjàkadì lọ. Kí o sì wádìí ohun tó ń tanná ran tìrẹ. Ti ẹlòmíì, ebi ni. Ti ẹlòmíì, kí wọ́n ṣáà má fojú di òun. Ti ẹlòmíì, bó bá ti gbọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀yin baálé ilé, ọ̀rọ̀ yìí kan yín. Ilé wà tí àwọn ọmọ ń yọ́ rìn láti àárọ̀ nítorí pé Alhaji ń gbààwẹ̀. Ìṣínu pẹ́ díẹ̀, àwo ti fò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò rò pé Rámádáànì jẹ́?

Àkókò wa ti ń lọ. Bí o bá bú ẹnì kan lọ́sàn-án òní, bí ará ilé rẹ bá ni, má jẹ́ kí ó di ààrọ̀, lọ bá a kó o tó sùn. Bó bá jẹ́ alábàárù yẹn ni, yóò wà lẹ́nu ọjà láàárọ̀ ọ̀la. Nínú Súrà Hujurat, áyà kẹtàlá, Ọlọ́hun fi yé wa pé kí á lè mọ ara wa ló ṣe pín wa sí ẹ̀yà àti ìran. Ọdún mélòó ló ti ń bá ọ gbẹ́rù, tí o kàn ń pè é ní "Àbókí"? Béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.