Ìrìn-àjò Iṣẹ́ Kì Í Tú Yìgì

  



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ẹlòmíràn lè rò pé kò kan ààwẹ̀. Ó kàn án o. Láàárín ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ gan-an, ní Súúrà Bakara, áyà 187, ni Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún ọkọ láti súnmọ́ aya rẹ̀ ní òru ààwẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti fi ọkọ wé aṣọ fún aya, tó sì fi aya wé aṣọ fún ọkọ. Kí ni iṣẹ́ aṣọ? Aṣọ a máa bo ìhòòhò, a máa lé òtútù, ara ni a sì ń wọ̀ ọ́ sí. Aṣọ tó wà nínú àpótí ní Ṣakí, tí ẹni tó ni ín wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣé ó lè lé òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù? Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń hun òfì, ẹ mọ̀ pé òfì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bó ti wù kó dán tó, kò tíì di aṣọ. Ìgbà tí a bá rán an mọ́ èkejì ló tó di nǹkan tí ènìyàn lè ró.

Lílọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun fún wa ní Òkè-Ògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe Gáànà ní Gold Coast ni àwọn bàbá wa ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n a rántí àwọn ọkọ̀ tó ń já èrò àti ẹrù ní Ṣakí. A rí ọkọ tó dé ilé tí ọmọ rẹ̀ ń pè é ní àlejò. A rí ìyáálé tó jẹ́ pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní orogún ní Kumasi, tí orogún ọ̀hún sì ti bí mẹ́rin. A kò sọ èyí láti bú àwọn bàbá wa. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ìdílé ti tú kí àṣẹ Busia tó dé.

Lónìí, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ. Ìjọba ibẹ̀ ní òfin. Bí ọkọ bá fẹ́ lọ bá aya níbẹ̀, tàbí tí aya bá fẹ́ lọ bá ọkọ, wọ́n á wádìí bóyá yìgì náà jẹ́ òótọ́, àti bóyá àwọn méjèèjì fẹ́ máa gbé pọ̀ títí. Físà àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù 33. Èkejì jẹ́ oṣù 30. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Bí ìwé bá tún yí po, wọ́n á tún béèrè. Wọ́n á wo lẹ́tà ilé, ìwé báǹkì àti ìwé iná, bóyá orúkọ àwọn méjèèjì wà ní àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. Òfin yìí kan náà sì ń béèrè owó. Láti 2012, pọ́n-ùn 18,600 lọ́dún ni; ní 11 oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé e sí 29,000 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ di méjì? Wọ́n ní ẹ máa gbé pọ̀, wọ́n tún ní ẹ mú owó wá, owó náà sì lè wà ní ìlú mìíràn.

Ní ààwẹ̀ kan tí kò tíì pẹ́, ọmọ wa kan pè wá láti ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, òun ń ṣiṣẹ́ ní Scotland. Oṣù méjì méjì ló ń wálé. Ìwé rẹ̀ fẹ́ parí, ẹnìkan sì ní kó san owó kí òun bá a ṣe ìwé irọ́, tí yóò fi hàn pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń sùn lójoojúmọ́. Ó ní, "Bàbá Àlùfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?" A ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́! Ẹ̀rí èké ni." A wá bi í pé, "Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ṣé ẹ ń gbé pọ̀?" Ó dákẹ́ títí, a rò pé owó orí fóònù ti tán. Ó wá ní, "Bàbá, n kò mọ̀ mọ́."

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Ti ìjọba rọrùn. Òfin wọn mọ̀ pé iṣẹ́ lè mú ènìyàn jìnnà sílé. Bí ìdí bá wà, tí èrò gbígbé pọ̀ sì wà, jíjìnnà nìkan kò ba ìwé jẹ́. Kó gba lẹ́tà ibiṣẹ́, kó kó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó fi ń wálé jọ, kó lọ bá lọ́yà tó ní àṣẹ, kó sọ òótọ́. Ìbéèrè tí Ọlọ́hun ni ó le.

Wọ́n gbà á wá pé Umar ọmọ Khattab, nígbà tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí, gbọ́ ohùn obìnrin kan lóru tó ń dárò ọkọ rẹ̀ tó wà lójú ogun. Ó lọ bi ọmọ rẹ̀ Hafsa pé ìgbà wo ni obìnrin lè fara dà á láìrí ọkọ. Àwọn kan gbà á wá pé oṣù mẹ́rin ló dáhùn, àwọn mìíràn ní mẹ́fà. Umar sì pàṣẹ pé kí wọ́n má dá ọmọ ogun dúró ju ìyẹn lọ. Ẹ gbọ́ o: ojú ogun ẹ̀sìn ni wọ́n wà, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ aya kò parẹ́. Lójú ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tẹ̀lé, bí ọkọ bá pẹ́ jù lájò tí ìnira sì dé bá aya, aya lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ kádì, ìbáà jẹ́ pé ọkọ ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Owó kì í ṣe ọkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó wà nílé náà. Ní 11 oṣù kẹta 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú ọkọ tàbí aya dání mọ́. Ní oṣù keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún àwọn tó wà lókèèrè. Àwọn tó lọ láàárín ìgbà náà wà lọ́hùn-ún. Ọkọ tàbí aya àwọn mìíràn wà níhìn-ín, wọ́n ń dá ṣínu.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpótí, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n dá ìgbà. Kí aya gbà tọkàntọkàn, kì í ṣe pé ìyá ọkọ ló gbà fún un. Bí ìgbà náà bá pé tí nǹkan kò tíì dọ́gba, kí wọ́n tún jókòó. Kí ẹni tó lọ máa pè, kó bi ọmọ léèrè nípa kéú àti ilé ìwé, kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló ń gbé e pè. Ẹni tí kò bá ní èrò àtigbé pẹ̀lú obìnrin, kó má ta yìgì nítorí físà. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ti ọmọ yín sínú irú rẹ̀.

Ọmọ wa ọjọ́sí kò san owó ìwé irọ́. Ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́. Ìyàwó sunkún, ó ní láti ọdún méjì, ẹnìkan kò bi òun rí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé báyìí, ó sì ń wá iṣẹ́ nítòsí. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ bá wa fi í sádùúà.

Ọlọ́hun kó gba ààwẹ̀ wa. Kó dá gbogbo arìnrìn-àjò padà sílé wọn láyọ̀. Kó má fi owó ya ọkọ àti aya. Àmín.